Ìtọ́jú Ara Ọmọdé ní Àwọn Abà Àyíká Ìbàdàn: Ìtàn Oúnjẹ àti Eré

Ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìwà ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí yanjú, pé bí ọmọ aládùúgbò bá ṣìwà hù, ó tọ́ kí a bá a wí. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò mọ sórí ìwà nìkan. Igba ènìyàn yẹn kan náà ni ó ń mú kí ara ọmọ le, kí egungun rẹ̀ sì gbó. Bí ìlú ti ń bọ́ ọmọ, àti bí ó ti ń fún ọmọ ní àyè láti sáré àti láti fò, jẹ́ apá kan nínú ìtàn tí àwọn òpìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ sílẹ̀, nítorí pé ogun àti oyè ni ojú wọn mọ́. Ní àwọn abà àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ìtàn náà kún fún ẹ̀kọ́, nítorí pé ohun tí ó dára àti ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó jọ wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú náà ti ní ilé méjì, ọ̀kan ní ìgboro, èkejì ní oko. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé oríṣi oko méjì ni ó wà: oko etílé tí ó wà nítòsí ìlú, àti oko ẹgàn tí ó jìnnà sínú igbó. Irú oko bẹ́ẹ̀ ni ó di abà, tí abà sì di ìletò, ní àgbègbè tí a ń pè lónìí ní Akínyẹlé, Lágẹlú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ìgboro ni wọ́n ti ń ṣe ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú tí wọ́n sì ti ń gbé ìyàwó. Abà ni oúnjẹ ti ń wá. Ọmọ tí a bí sí irú ètò bẹ́ẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ìgboro dé abà, tòun ti ẹrù tí agbára rẹ̀ ká lórí.

Ní abà, kò sí ẹni tí ó ya eré ìdárayá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbésí ayé. Ọmọ tí ó bá jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò pọn omi, yóò gbálẹ̀, yóò tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko, yóò sì máa lé ẹyẹ kúrò lórí àgbàdo. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tí òṣùpá sì yọ, eré yóò bẹ̀rẹ̀: bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran, ìjàkadì láàrin àwọn ọmọkùnrin, ijó àti àtẹ́wọ́ láàrin àwọn ọmọbìnrin. Eré wọ̀nyí ní òfin tiwọn. Àwọn àgbà a máa jókòó ní ìta láti wò wọ́n, bí ẹnì kan bá sì rẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é léṣe, wọn a pè é jáde lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Eré náà a tún máa bọ́ ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin a máa dẹ pàkúté fún eku, wọn a máa wa ìrẹ̀ nínú ilẹ̀, wọn a sì máa lé tata kiri nínú koríko. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tọmọdé tàgbà a máa gbé iná jáde lóru láti kó èsunsun. Àwọn ọmọbìnrin a máa ṣa ìgbín, wọn a máa wá olú, wọn a sì máa já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ bọ̀ láti oko. Àgbálùmọ̀, ìyeyè, ọsàn àti ìbẹ́pẹ wà fún ẹni tí ó bá lè gun igi. Ohun tí ọmọ bá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lé bá, kò sí ẹni tí yóò gbà á kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ní ìdí àwo ọbẹ̀, ọmọ ni ó ń gbẹ́yìn. Bàbá ni ó ni ẹran tí ó tóbi jù lọ. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni ìyá ń pín, èyí tí ó sì kéré jù lọ ni ti ọmọ. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tí a bá fi ẹran tàbí ẹyin kẹ́ yóò di olè, nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ yóò máa béèrè ohun tí apá rẹ̀ kò ká. Wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu, èrò náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú ni ìyà náà ń jẹ jù. Òun kò tíì lè lé tata, kò sì lè gun igi. Ẹ̀kọ mímu ni wọ́n ń fún un láàárọ̀, òun náà ni ní alẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé kò sí àbùkù kankan nínú ètò àtijọ́ kò wo ìtàn dáradára. Ètò náà rọ ọmọ tí ó lè sáré lọ́rùn. Ó gbàgbé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Kòkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní àyíká Ìbàdàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mú owó wá, ó sì tún mú ìyípadà bá ìkòkò ọbẹ̀. Ilẹ̀ tí ó lọ́ràá jù lọ di ti kòkó, oúnjẹ tí àgbẹ̀ ti ń gbìn fún ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di rírà. Ẹ̀gẹ́, tí kì í kọ ilẹ̀ tí ó ti ṣá, gba ipò iṣu ní ọ̀pọ̀ oko. Gàárì a máa tètè yó ènìyàn, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí owó kòkó bá sì lọ sílẹ̀, ẹran àti ẹja ni ilé kọ́kọ́ ń dẹ́kun rírà. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Àkànràn, Ẹgbẹ́dá àti àgbègbè wọn dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969, owó orí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ojú sí ìjọba. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó orí ni àwo ọbẹ̀ àwọn ọmọ wọn wà.

Ṣáájú àkókò náà, ìmọ̀ tuntun ti ń bọ̀ láti ẹ̀bá òkun. Ní 1933, oníṣègùn obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń mú àwọn ọmọ kéékèèké: ẹsẹ̀ wọn a máa wú, irun wọn a máa pọ́n, awọ ara wọn a sì máa bó. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn Gã ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí àbúrò lé kúrò lẹ́nu ọmú. Ó tọ́ka sí oúnjẹ àgbàdo tí kò ní ohun mìíràn nínú gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó fà á. Àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá náà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ẹ̀wà tí ó wà nínú ilé, bí wọ́n bá sè é dáradára tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ, lè gba ọmọ náà là.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní iléèwé jẹ́ 456,600 ní 1954. Ní 1955 ó di 811,432. Ìjọba kan náà sọ ìwòsàn di ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí wọn kò ju ọdún 18 lọ. Fún àwọn abà, ìyípadà ńlá ni èyí jẹ́. Ọmọ tí ó ti máa ń rìn káàkiri oko láti òwúrọ̀ di ẹni tí ń jókòó sórí pákó títí di ọ̀sán. Àwọn olùkọ́ kò ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń mú àwọn ọmọ ṣe ìdárayá, wọ́n ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù àti eré sísá, wọ́n sì ń dá oko iléèwé, níbi tí ọmọ ti ń kọ ebè tí ó sì ń gbin ẹ̀fọ́. Ní ìgbà ìjọba òyìnbó, Ọjọ́ Ẹ́ńpáyà, ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ni ọjọ́ ìyan àti eré ìje. Lẹ́yìn òmìnira, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, rọ́pò rẹ̀. Pápá tí àwọn ọmọ ń lò, àwọn òbí wọn ni wọ́n fi àdá àti ọkọ́ ṣán an ní ọ̀pọ̀ ìletò.

Ṣùgbọ́n iléèwé kò lè ran ọmọ tí kò tíì tó iléèwé lọ́wọ́. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀nà ti kọ́kọ́ là fún un. Oníṣègùn ará Ìlú Òyìnbó kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi àmì sí orí káàdì kan tí ó ní ìlà tí ń gòkè. Bí ọmọ bá ń dàgbà, àmì rẹ̀ yóò máa gòkè pẹ̀lú ìlà náà. Bí oúnjẹ kò bá tó o, àmì náà yóò dúró sójú kan tàbí kí ó wálẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, kí irun rẹ̀ sì tó pọ́n. Ìyá ọmọ ni ó ń tọ́jú káàdì náà nínú ilé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀wé kà pàápàá lè fi ojú rí ipò tí ọmọ rẹ̀ wà. Káàdì yìí tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera láàrin àwọn ará Ìbàràpá, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà.

Ọ̀rọ̀ sóyà tún fi ohun kan náà hàn ní ẹnu ọ̀nà Ìbàdàn gan-an. Láti 1908 ni sóyà ti dé oko ìjọba ní Moor Plantation, síbẹ̀ ó tó ọgọ́rin ọdún kí àwọn ìyá tí ń gbé nítòsí ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kún oúnjẹ. Ó le púpọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sè lára mu. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967 ní ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní ilẹ̀ Akínyẹlé, wá irúgbìn tí ó bá ilẹ̀ wa mu. Ní 1987, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti Kánádà, òun àti àwọn ilé ìwádìí mìíràn ní Nàìjíríà gbé iṣẹ́ náà kúrò lóko wọ inú ilé ìdáná. Wọn kò sọ fún ìyá kankan pé kí ó pa ọbẹ̀ rẹ̀ tì. Wọ́n fi hàn án bí a ti ń fi sóyà lú ògì, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, àti bí a ti ń fi rọ́pò apá kan nínú ẹ̀gúsí. Wọ́n kọ́ ọ pé kí ó sè é kí ó tó lọ̀ ọ́, nítorí pé iná ni ó ń pa ohun tí kì í jẹ́ kí inú ọmọ rí èròjà rẹ̀ lò. Nínú ìwọ̀n 100 èso sóyà, nǹkan bí 40 jẹ́ èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ti ẹ̀wà tiwa kò ju nǹkan bí 24 lọ.

Àkókò náà sì bọ́ sí i. Láti 1986, nígbà tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, mílíìkì inú agolo àti ẹran wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ìyá tí ó ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò wọn rí sóyà. Kò pẹ́ tí ó fi kún àwọn ọjà Ìbàdàn, tí àwọn obìnrin sì ń fi ṣe wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tí ètò ìwádìí náà parí, sóyà kò bá a lọ, nítorí pé ọwọ́ àwọn ìyá ni ìmọ̀ náà wà.

Ètò oúnjẹ iléèwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ dán an wò ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Ó kú ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun di tirẹ̀ mú, ó sì tún un tò ní 2012. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta, oúnjẹ kan lóòjọ́ fún ọmọ kan, ní 70 náírà. Ó dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2017. Ìlànà rẹ̀ dára: àwọn obìnrin àdúgbò ni yóò se oúnjẹ, wọn yóò sì máa ra èlò rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò. Ní 2022, iye náà di 100 náírà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ìwádìí ń lọ lórí àjọ tí ń bójú tó o, ìjọba dá a dúró. Àgbẹ̀ kò dá iṣẹ́ dúró, olóúnjẹ kò sá kúrò ní àdúgbò, ẹ̀wà sì wà lọ́jà. Àbújá ni owó ti ń wá, nígbà tí Àbújá sì pa ọwọ́ dé, iná kú nídìí ìkòkò.

Bí a bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí pọ̀, ohun kan ni wọ́n ń sọ. Ìmọ̀ lè ti ìta wá, owó náà sì lè ti ìta wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pẹ́ ni èyí tí àwọn ará ìlú gbà tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dì mú. Káàdì wà lọ́wọ́ ìyá, sóyà wà nínú ìkòkò rẹ̀, pápá sì wà níbi tí bàbá ti fi àdá ṣán an.

Pápá yìí ni ewu kàn jù lọ lónìí. Ìgboro Ìbàdàn ti ń gbé Mọ́níyà àti Ẹgbẹ́dá mì, oko tí ọmọ ti ń lé tata ti di ilé, bisikíìtì àti ohun mímu aládùn sì ti rọ́pò ìyeyè lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ọmọ abà àtijọ́ ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oòrùn tó mú. Ọmọ ti òní kò ní oko tí yóò ti sáré. Pápá iléèwé nìkan ni ó kù fún un. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ oúnjẹ a máa tètè rí ẹni gbè é. Ọ̀rọ̀ pápá kì í rí alágbàwí títí ilẹ̀ náà yóò fi di títà. Àwọn tí wọ́n fi àdá ṣán pápá fún ọmọ wọn ní 1955 kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó kù fún àwọn ọmọ ọmọ wọn, baálẹ̀, olùkọ́ àti òbí, ni láti rí i pé kò sí ẹni tí ó fi òpó ààlà gúnlẹ̀ sí àárín rẹ̀.