Akápò, Akọ̀wé Owó àti Ẹni Tó Ń Yẹ̀ Wọ́n Wò

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kò bófin mu kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mọ́wọ́. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà: kí owó káńsù máa lọ bá káńsù tààrà. Ṣáájú ìgbà náà, inú àpò àjùmọ̀ní tí abala 162 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dá sílẹ̀ ni owó náà ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í jáde bó ṣe wọlé. Owó yìí kì í ṣe kékeré. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà. Kàdúná ní 23 nínú wọn. Ọ̀kan ni Sabon Gari ní Zaria, tí Chikaji, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́, wà lábẹ́ rẹ̀.

Tí owó bá wá dé ọwọ́ káńsù, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ni yóò wá wò ó bóyá ó pé? Mo fẹ́ kí Yorùbá tó ń gbé Chikaji lè bi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní èdè rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n ń dà pọ̀. Àwa tí à ń kọ̀wé la fà á, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: àbójútó. Akápò ń bójú tó owó, alága ń bójú tó owó, àwọn kánsílọ̀ ń bójú tó o, ẹni tó wá yẹ ìwé wò náà ń bójú tó o. Ọjọ́ tí owó bá pòórá, gbogbo wọn ló bójú tó o, kò sì sẹ́ni tí a lè nàka sí. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ọmọdé àti fún aláìsàn. Nínú ọ̀rọ̀ owó ìlú, ńṣe ló ń bo ẹni tó jẹ̀bi mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò wà nílẹ̀, inú ẹgbẹ́ ni wọ́n wà. Yorùbá ti ń gbé Sabon Gari láti ìgbà tí ojú irin ti kó àwọn àlejò dé Zaria, wọ́n sì gbé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn dání. Ẹ lọ jókòó ní ìpàdé ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó mú owó oṣù wá kì í kó o fún akápò. Akọ̀wé owó ló ń gbà á, yóò já rìsíìtì fún un, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Kí ìpàdé tó tú, akọ̀wé owó á ka owó náà lójú akápò, akápò á buwọ́ lùwé pé iye báyìí ló tẹ òun lọ́wọ́, á sì gbé e lọ sí báńkì. Tọ́dún bá parí, ọ̀dítọ̀, tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ, á gba ìwé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, á fi ti ọ̀kan wé ti èkejì, á wá fi méjèèjì wé ti báńkì. Bó bá dìde láti ka àbọ̀ rẹ̀, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà á sì béèrè láti ẹ̀yìn pé: “Ọ̀dítọ̀, owó ìsìnkú tí ẹ kà yẹn, rìsíìtì rẹ̀ ńkọ́?” Ìyá yẹn mọ iṣẹ́ ẹni mẹ́ta yàtọ̀ síra. Lẹ́nu rẹ̀ ló yẹ kí olùtúmọ̀ ti lọ gba ọ̀rọ̀.

Akápò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Nínú Ifá, akápò ni ẹni tó ń gbé àpò Ọ̀rúnmìlà. Àpò náà kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó ni ín sì lè béèrè rẹ̀ nígbàkígbà. N kò mọ ọ̀rọ̀ tó bá owó ìlú mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kò yẹ kí a fi “ọ̀gá àgbà ètò ìṣúná” rọ́pò rẹ̀ torí pé oyè tuntun dùn ún pè. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé Zaria ní Ma'aji tiwọn, oyè ẹni tó ń tọ́jú ìṣúra. Lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, baitulmali ni wọ́n ń pe ilé ìṣúra tó ya owó ìlú kúrò lára owó Emir fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìwádìí tí D. J. M. Muffett ṣe sí owó ìjọba ìbílẹ̀ Kano ló ṣáájú bí Emir Muhammadu Sanusi Kìíní ṣe fi oyè sílẹ̀ ní 1963.

Mo sọ pé ìwádìí. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ àwọn oníròyìn wa lójú jù: wọ́n ń pe àyẹ̀wò ní ìwádìí. Ìwádìí máa ń wá lẹ́yìn ìfura. Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wáyé lọ́dọọdún, ì báà ṣe pé ẹnikẹ́ni ò jí kọ́bọ̀. Bí a bá pe méjèèjì lórúkọ kan, akápò tó mọ́ á máa bínú sí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, káńsù á sì máa dúró dìgbà tí ilé bá jó kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ń darí, ní kí E. W. J. Nicholson wádìí Káńsù Àgbègbè Ìbàdàn, tí Adégòkè Adélabù ti ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, tó tún jẹ́ mínísítà nígbà náà, jẹ́ alága rẹ̀. Àbọ̀ náà jáde ní 1956, Adélabù sì fi ipò mínísítà sílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní òṣèlú ni, wọn ò sì ṣì sọ pátápátá, nítorí ìwádìí tí ọ̀tá ẹni rán wá ṣòro láti gbà. Àyẹ̀wò tó ń wá lọ́dọọdún, tí gbogbo káńsù ń jẹ nínú rẹ̀, kò ní àbùkù yẹn. Adélabù yìí kan náà ló lo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí etí àwọn ará Ìbàdàn sọ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. A ti ní orúkọ tó dùn fún rúdurùdu láti ìgbà náà. Orúkọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá rúdurùdu dúró ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí.

“Ayẹ̀wéwò” ni àwọn kan ń lò. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwé lè péye kí kòtò ìdọ̀tí tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ má sí ní Chikaji rárá. Ẹni tó mọṣẹ́ á rìn lọ síbẹ̀, á fojú rí i. Nítorí náà “aṣàyẹ̀wò ìnáwó” ni mo fara mọ́: ìnáwó ló ń yẹ̀ wò, ìwé wà lára rẹ̀.

Àkáǹtì tún ni òmíràn. Fún ti báńkì, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ọjà ti gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wá ń dúró fún ìwé ìṣirò owó pẹ̀lú, ó sì ń dúró fún ìjíhìn. Tiwa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń padà wá jíhìn, ẹni tó rán an ló sì ń jíhìn fún. Bí a bá kọ ọ́ pé akápò jíhìn, òǹkàwé á béèrè lójú ẹsẹ̀ pé fún ta ni.

Ó ku ti ẹni tó kójú òṣùwọ̀n. “Onímọ̀ ìṣúná” tí à ń kọ kiri kò tó, torí ẹnikẹ́ni lè jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ìṣirò owó ní ìdánwò àti àṣẹ tirẹ̀. Akíntọ́lá Williams ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àṣẹ náà, ní 1949, òfin sì dá ẹgbẹ́ wọn, ICAN, sílẹ̀ ní 1965. Olùṣirò owó oníwèé-àṣẹ ni kí a máa pe irú wọn. Ti òṣìṣẹ́ káńsù lásán yàtọ̀: lẹ́yìn àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria wà lára yunifásítì mẹ́ta tí wọ́n yàn láti kọ́ òṣìṣẹ́ káńsù níṣẹ́, pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Nsukka. Ọgbà Kongo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, kò jìnnà sí Chikaji rárá.

Káńsù tún ní aṣàyẹ̀wò abẹ́lé, tó ń yẹ fáúṣà wò kí owó tó jáde. Abẹ́ alága ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣàyẹ̀wò Àgbà fún Ìjọba Ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn tí owó bá ti jáde, ilé aṣòfin ló sì ń gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ bá. Bí ìròyìn bá ní “aṣàyẹ̀wò ti buwọ́ lù ú”, kí akọ̀ròyìn sọ èwo nínú àwọn méjèèjì.