Ibùgbé Ìwé Ìtọ́sọ́nà Sọ́fúwíà: Ìtàn Tó Kan Opebi àti Ìkẹjà

Sọ́fúwíà olórísun-ṣíṣí ni ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ṣe é yọ̀ǹda kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ láti tẹ̀lé, fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti tún ṣe àti láti pín fún ẹlòmíràn. Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ló ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé e sórí ẹ̀rọ àti bí a ṣe ń lò ó. Ìtàn iṣẹ́ yìí fi hàn pé ibi tí a bá tọ́jú ìwé náà sí ló máa ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó láyé àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tó o.

Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé ìwé ìtọ́sọ́nà Unix, ètò tó ń darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, jáde ní Bell Labs ní ọdún 1971, orí bébà ló wà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi wọ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, débi pé ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ náà «man» mọ́ orúkọ àṣẹ kan yóò rí àlàyé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Richard Stallman, tó kéde iṣẹ́ GNU ní 1983 láti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lómìnira láti lò, kò yà kúrò lójú ọ̀nà yìí: sọ́fúwíà àti ìwé rẹ̀ jọ ń rìn ni.

A lè rí àǹfààní ìlànà yìí ní Ìkẹjà, ní Èkó. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni òpópónà Otigba, tó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, ti ń di ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, tó gba Pepple àti Medical Road mọ́ra, tí kò sì jìnnà sí àwọn ọ́fíìsì Allen àti Opebi. Íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n nígbà náà, ó sì ń falẹ̀, tó fi jẹ́ pé káfé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra àkókò, nítorí okùn abẹ́ òkun MainOne, tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, kò dé Èkó títí di 2010. Láàárín 2005 sí 2011, iléeṣẹ́ Canonical ń fi díìsìkì Ubuntu, ètò olórísun-ṣíṣí tó ń darí kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè káàkiri àgbáyé. Ẹni tó bá ti díìsìkì náà bọ inú ẹ̀rọ rí àwọn ojú ìwé «man» níbẹ̀, tó bá sì ti ní iná, ó lè kẹ́kọ̀ọ́ láìná kọ́bọ̀ ní káfé.

Ward Cunningham ló dá wiki sílẹ̀ ní 1995, ìyẹn ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè tún ojú ìwé rẹ̀ kọ. Ó mú kí àtúnṣe yá, àmọ́ ó ya ìwé kúrò lára kóòdù, tí kóòdù fi ń yí padà tí ìwé kò mọ̀. Ewu mìíràn hàn nígbà tí Codehaus àti Gitorious, tí wọ́n ń bá àwọn tó ń kọ kóòdù tọ́jú iṣẹ́ wọn, kógbá sílé ní 2015, tí Google Code sì tẹ̀ lé wọn ní 2016. Google Code ní ohun kan tó dára: fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, inú àká kóòdù gan-an, ìyẹn ibi tí a ń tọ́jú kóòdù sí, ni ojú ìwé wiki wà, nítorí náà ẹni tó kó irú kóòdù bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀ lè kó ìwé mọ́ ọn. Ti GitHub, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, yàtọ̀, nítorí àká ọ̀tọ̀ ni wiki rẹ̀ ń gbé, ẹni tó bá sì gba kóòdù nìkan kò gba ìwé.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀jáfáfá fi padà sí ìlànà àtijọ́, tí wọ́n ń kọ ìwé sínú àpò «docs» lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù, kí ẹni tó bá yí ọ̀kan padà lè yí èkejì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 2010 ni Read the Docs ti ń mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti inú àká, tó ń sọ ọ́ di ìkànnì fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sọ́fúwíà. Ìlànà yìí bá àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà mu, pàápàá àwọn tó kóra jọ sábẹ́ Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní 2018, nítorí kíkọ ìwé ìtọ́sọ́nà ni ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà wọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìwé bá wà nínú àká, àtúnṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ní Opebi yóò gba ọ̀nà àyẹ̀wò kan náà tí ti kóòdù ń gbà, orúkọ rẹ̀ yóò wà lára rẹ̀, ẹni tí dátà rẹ̀ bá sì tán lẹ́yìn tó ti gba iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ yóò ṣì rí ìwé kà. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olórísun-ṣíṣí ní Ìkẹjà fi inú àká kóòdù ṣe ibùgbé ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ìkànnì sì jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ lásán.