Bí a ṣe ń wádìí bóyá method wà nínú kíláàsì tàbí object nínú èdè PHP

Ìkànnì kan lè ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó sì dákú ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sórí server tí wọ́n háyà. Ojú ewé funfun báláú ni oníbàárà yóò bá, tàbí kí ó rí gbólóhùn kan tí àwọn tí ń kọ PHP mọ̀ bí ẹní mowó: Call to undefined method. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n rán object kan ní iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí irú ọjọ́ báyìí ni èdè náà ṣe ní method_exists, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́kọ́ wádìí kí a tó ránṣẹ́.

Rasmus Lerdorf, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Greenland, ni ó bẹ̀rẹ̀ PHP ní ọdún 1994, ó sì gbé e síta fún aráyé ní oṣù kẹfà ọdún 1995. Òun ni wọ́n fi kọ WordPress. Òun náà ni wọ́n fi kọ MediaWiki tí Wikipedia dúró lé lórí, títí kan èyí tí ó wà ní èdè Yorùbá.

Nínú èdè yìí, kíláàsì dà bí bébà tí télọ̀ fi ń gé aṣọ. Object ni aṣọ tí ó ti ibẹ̀ jáde. Àfiwé náà kò lọ jìnnà, nítorí aṣọ kì í jẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n object máa ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó lè jẹ́ ni à ń pè ní method.

Nǹkan méjì ni method_exists ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Èkíní ni object fúnra rẹ̀ tàbí orúkọ kíláàsì. Èkejì ni orúkọ method tí à ń wá. Bí ó bá rí i, yóò dáhùn true. Bí kò bá rí i, false ni. Method tí kíláàsì kan jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ wà lára ohun tí yóò rí. Láti ìgbà tí PHP 8 ti jáde ní ọdún 2020, ẹni tí ó bá fún un ní nọ́ńbà tàbí null dípò object yóò gba TypeError.

Àpẹẹrẹ tí ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìyọnu ni ti get_result, tí mysqli fi ń kó èsì jáde láti inú MySQL. Method yìí wọlé pẹ̀lú PHP 5.3 ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo server ni ó ní in. Ibi tí wọ́n bá ti lo mysqlnd láti so PHP pọ̀ mọ́ MySQL nìkan ni ó wà. Ibi tí wọ́n bá ti lo libmysqlclient, kò sí níbẹ̀. Server méjì lè ní PHP kan náà, nọ́ńbà kan náà, kí ọ̀kan mọ get_result, kí èkejì má mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ń wo nọ́ńbà ẹ̀dà PHP nìkan kò ní rí ibi tí ìṣòro wà. Method gan-an ni ó yẹ kí ó bèèrè:

if (method_exists($stmt, 'get_result')) {
    $result = $stmt->get_result();
} else {
    $stmt->bind_result($oruko, $owo);
    $stmt->fetch();
}

PHP 8.2, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ti yọ libmysqlclient kúrò nínú mysqli, nítorí náà orí àwọn server tí ó ti pẹ́ nìkan ni wàhálà yìí kù sí.

Ibi tí method_exists ti ń tan ènìyàn jẹ ni pé kì í wo àṣẹ. Ẹni tí ó bèèrè bóyá baálé wà nílé kò tíì bèèrè bóyá baálé ń gba àlejò. Bí method bá jẹ́ private, true náà ni yóò dáhùn, ẹni tí ó bá sì pè é láti ìta yóò kàgbákò. Is_callable ni ó ń wo àṣẹ, láti ibi tí ẹni tí ń bèèrè wà gan-an. Ṣùgbọ́n òun náà ní àléébù tirẹ̀. Bí kíláàsì bá ní __call, tí ń gba gbogbo ìpè tí kò ní olúwa, is_callable yóò dáhùn true fún orúkọ yòówù kí ó jẹ́, títí kan èyí tí a ṣì kọ. Àwọn model inú Laravel rí bẹ́ẹ̀: where ń ṣiṣẹ́ lórí wọn dáadáa, síbẹ̀ method_exists yóò ní kò sí níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kíláàsì tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ ni, interface àti instanceof dára jù ú lọ. Orúkọ nìkan ni method_exists mọ̀. Kò mọ ohun tí method náà ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye nǹkan tí ó ń gbà.

Ewu tí ó tóbi jù ni ti àwọn tí ń gba orúkọ method láti inú àdírẹ́sì ìkànnì, tí wọ́n á fi method_exists yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á sì pè é. Àjèjì tí ó bá kọ delete síbẹ̀ ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Kí wọ́n sọ pé àwọn ti ka delete léèwọ̀ kò tó, nítorí PHP kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré nínú orúkọ method: Delete àti DELETE yóò kọjá lára èèwọ̀ náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n yóò sì ṣe. Orúkọ tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí wọ́n tò kalẹ̀, kí wọ́n fi in_array yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ èyíkéyìí tí kò bá sí nínú rẹ̀.