Arthur Lewis ní Accra

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀mọ̀wé kan tí kì í ṣe Yorùbá fi ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé dé ibi kan náà, ó sì gbé e lọ sí Accra. William Arthur Lewis ni orúkọ rẹ̀.

Ní Castries, ní erékùṣù St. Lucia, ni a gbé bí i ní 1915. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Òwò ìsọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ àwọn ọmọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní London, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manchester ní 1948. Ìbéèrè kan gba ọkàn rẹ̀: èéṣe tí ẹni tí ń gbin kòkó fi ń tòṣì, tí ẹni tí ń rọ irin ní Yúróòpù sì ń là? Ìdáhùn rẹ̀ ní 1954 ni pé, ẹni tí oko oúnjẹ rẹ̀ kò mú nǹkan púpọ̀ wá yóò gba owó kékeré lórí kòkó, nítorí kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Bí kòkó bá sì pọ̀ sí i, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀, ẹni tí ń rà á ni yóò jèrè.

Irú èrò yìí ti hàn nínú ìmọ̀ràn tí ó kọ fún ìjọba Gold Coast ní 1953. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún oko oúnjẹ ṣe, kí wọ́n sì tún ọ̀nà, omi àti iná ṣe. Ilé iṣẹ́ ńlá ńlá lè dúró ná.

Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, Kwame Nkrumah pè é wá ṣe olùdámọ̀ràn. Owó kòkó tí a ti tò jọ pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀. Iṣẹ́ ńlá tí ayé yóò rí ni Nkrumah ń fẹ́. Lewis ń ṣírò ohun tí owó ká. Nkrumah fèsì pé ìmọ̀ràn náà lè tọ̀nà ní ti ìṣirò, ṣùgbọ́n olóṣèlú ni òun, òun kò sì lè ṣàì dáwọ́ lé ọ̀la. Nígbà tí 1958 fi ń parí lọ, Lewis kúrò ní Accra.

Ní 1965 kòkó Gánà so jìngbìnnì, ó lé ní 500,000 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ já wálẹ̀ ní ọjà ayé. Owó tí a tò jọ ti tán, gbèsè sì ti wọ̀lú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé, 1966, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba. Síbẹ̀, ìdájọ́ kò gbọdọ̀ fì sí apá kan: ìdídò Akosombo tí Nkrumah ṣí ní 1966 náà ń fún Gánà ní iná títí di òní.

Lewis gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, òun àti Theodore Schultz; ó kú ní 1991. Ní oṣù Ọ̀pẹ, 2022, Gánà kéde pé òun yóò dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè dúró ná. Bí orílẹ̀-èdè bá ń gbin ohun tí ẹlòmíràn ń dá iye lé, tí ó sì ń ra oúnjẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ lè mú jáde, gbèsè kò ní pẹ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.