Ọlọ́wẹ̀, Bọ́lẹ̀kájà àti Àwọn Ayàwòrán Tí A Kò Kọ Orúkọ Wọn Sílẹ̀

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ìtàn tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí ni ìtàn àwọn tó ń fi ọwọ́ ya àwòrán gbajúmọ̀ sára pákó. Bí a bá dárúkọ iṣẹ́ yìí, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí wọ́n ń ya Black Panther tàbí Spider-Man sára plywood fún títà. Àwọn kan gbà pé àṣà òkèèrè pọ́ńbélé ni. Èrò tiwa yàtọ̀. Ní Àkúrẹ́, ní Òǹdó, àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, ó ti pẹ́ tí ọwọ́ Yorùbá ti ń gbé ẹni tí ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí igi. Ohun tí a kò ṣe tó ni pé kí a tọ́jú orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Òyìnbó lára ilẹ̀kùn Ògògà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìlú yìí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ojú ọ̀nà ni a ó ti kàn án bí a bá ń lọ sí Adó-Èkìtì. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni ó wà títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀.

Láàrin nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ nínú ààfin. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó gbé dàgbà, tí ó ti sin Arínjalẹ̀, tí ó sì kú sí ní ọdún 1938. Lára ohun tó ṣe fún Ògògà ni ilẹ̀kùn onípákó méjì kan. Ó gbẹ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀ jáde débi pé orí wọn yọ síta lára igi, ó sì fi àwọ̀ kùn wọ́n. Ní apá kan, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ tòun ti adé àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó ìjọba kan tó ń jẹ́ Captain Ambrose wà lórí àga tí àwọn alágbàárù gbé, òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń bọ̀.

Ta ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Èkìtì nígbà náà bí kì í bá ṣe òyìnbó tuntun tó dé? Ọ̀rọ̀ tó gbòde ni Ọlọ́wẹ̀ gbé sórí ilẹ̀kùn, gẹ́lẹ́ bí ọ̀dọ́ òde òní ṣe ń gbé akọni inú sinimá sórí plywood. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe tò ó: ọba ló jókòó, àlejò ló ń bọ̀ wá bá a. Ọlọ́wẹ̀ ya ohun tó rí, ó sì fi ojú ará ilé wò ó.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbà, wọ́n ṣe ìtẹ́ kan ní ìlú Òyìnbó fún un dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní.

Ọlọ́wẹ̀ kò kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ náà. Kí ló wá dé tí a fi mọ̀ ọ́n? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ní ọdún 1988, nígbà tó ti pé àádọ́ta ọdún tí Ọlọ́wẹ̀ ti kú, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Olójú-ifun, ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton. Oríkì náà ń sọ irú iṣẹ́ tó ṣe àti ibi tó ti ṣe é. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ní ọdún 1998, oríkì yẹn wà lára ohun tí wọ́n gbára lé láti sọ ìtàn rẹ̀. Ẹnu obìnrin kan ni ó tọ́jú ohun tí ìwé kò tọ́jú.

Pákó orí táyà

Kòkó àti igi gẹdú sọ ọ̀nà Òǹdó àti Àkúrẹ́ di ọ̀nà ọlọ́rì. Ẹ́ńjìnnì àti egungun ọkọ̀ nìkan ni ó máa ń ti òkè òkun wá, irú Bedford tàbí Austin. Káfíńtà ìlú ló ń fi pákó líle kan ara rẹ̀, tó ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ni a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, nítorí ìjà ọmọ ọkọ̀ àti èrò kò jìnnà sí i. Nígbà tí káfíńtà bá parí tirẹ̀, ó kan sáìn-ráítà. Pákó iwájú orí dírébà, pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti pákó ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń gba ọ̀rọ̀ àti àwòrán.

Iṣẹ́ náà ní ìlànà. Wọ́n á fi sáńpépà họ pákó títí yóò fi jọ̀lọ̀, wọ́n á kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí i. Wọ́n á na òwú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pa láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n á ta á kí ìlà tó gún lè hàn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ fọ́tò kékeré di ńlá, wọ́n á fa ìlà bí ojú àwọ̀n sórí fọ́tò, wọ́n á fa iye kan náà sórí pákó ní títóbi, wọ́n á wá máa gbé ohun tó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ. Ọ̀dà dídán ni wọ́n ń lò kí òjò má baà tètè bà á jẹ́, kẹrosíìnì sì ni wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ máa fọ búrọ́ọ̀ṣì, á máa kun ìsàlẹ̀, kí ọ̀gá tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú èèyàn, torí ojú ni ó le jù.

Ibo ni wọ́n ti ń rí ẹni tí wọ́n ń yà? Ara kàlẹ́ńdà, èpo rẹ́kọ́ọ̀dù, pósítà sinimá àti ìwé àwòrán bí Atọ́ka, tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré àwọn òṣèré wa láti ìparí àwọn ọdún 1960. Bruce Lee di ẹni tí gbogbo ọmọ àdúgbò mọ̀ lẹ́yìn tí Enter the Dragon jáde ní ọdún 1973. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tí fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982, kò ṣòro láti yà: awò ojú gbàǹgbà àti aago ńlá ti tó láti dá a mọ̀. King Sunny Adé, tí ìdílé rẹ̀ so mọ́ Òǹdó àti Àkúrẹ́, ọmọ ilé ni ó jẹ́ lójú ọ̀nà yìí, ojú rẹ̀ sì wà lára èpo rẹ́kọ́ọ̀dù lóríṣiríṣi.

Èyí tó rin ìrìn àjò jù nínú gbogbo wọn ni Mámì Wàtá. Obìnrin onírun gígùn tí ejò yí lọ́rùn, tí a ti rí lára ọkọ̀ àti ilé ọtí, ara pósítà kan ní Jámánì ni àwòrán rẹ̀ ti wá. Ní àwọn ọdún 1880, wọ́n tẹ pósítà obìnrin kan tó ń fi ejò dárà ní ìlú Hamburg. Pósítà náà dé etíkun Nàìjíríà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Niger Delta sì ti ń gbẹ́ ẹ sórí ère nígbà tí ọdún 1901 fi máa dé. Ní ọdún 1955, ilé ìtẹ̀wé Shree Ram Calendar Company ní Bombay, ní Íńdíà, tún tẹ ẹ̀dà 12,000 rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ní Kumasi, ní Gánà. Bí òṣèré inú pósítà Jámánì ṣe di òrìṣà omi nìyẹn. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fún un ní ilé àti orúkọ, kì í ṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan náà ni sáìn-ráítà ṣe fún Bruce Lee. Bí fọ́tò tó wà lọ́wọ́ bá jẹ́ dúdú àti funfun, òun ni yóò yan àwọ̀ aṣọ. Òun ni yóò sọ bí ojú yóò ṣe le tó. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ òwe Yorùbá sábẹ́ rẹ̀, irú bí "Ìgbà ò lọ bí òréré," akọni ìlú Hong Kong á sì di ẹni tó ń bá ará ọjà Òǹdó sọ̀rọ̀ nípa ayé.

Àwọn tó ní orúkọ

Kò yẹ kí a rò pé kò sí ẹni tó ti inú irú iṣẹ́ yìí di olókìkí. Táíwò Ọláníyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven Seven, ń jó lẹ́yìn ẹni tó ń polówó oògùn káàkiri kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà tí Ulli àti Georgina Beier ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1964. Plywood ni ó yàn láàyò. Ó ń ya iwin, ẹranko àti ẹ̀mí inú àlọ́ sórí rẹ̀, ó sì máa ń gé pákó kan lé orí èkejì. Ní ọdún 2005, UNESCO fi oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Augustine Okoye ti Onitsha, tó ń pe ara rẹ̀ ní Middle Art, sáìn-ráítà gan-an ni. Ulli Beier rí iṣẹ́ rẹ̀, ó kó o jọ, ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì di ohun tí wọ́n ń wò ní Jámánì.

Òǹdó pàápàá ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Bruce Onobrakpeya kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní Ondo Boys' High School kí ó tó lọ sí Zaria ní ọdún 1957. Òun náà ni ó ya àwòrán sínú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1968. Ọmọ Òkè-Igbó, ní ìtòsí Òǹdó, ni D. O. Fágúnwà tó kọ ìwé náà. Àkàrà-oògùn ti jẹ́ akọni fún àwọn ọmọ Yorùbá láti ọdún 1938, kí ọ̀pọ̀ àwọn akọni tí wọ́n ń yà sára plywood lónìí tó dáyé.

Kí ló ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ sí sáìn-ráítà tó ya Bàbá Sàlá sẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà? Ẹ̀bùn lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó dájú: ẹnì kan bi wọ́n léèrè orúkọ wọn, ó sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ pàápàá ti kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀. Ọlátúndé Láwúyì ṣe iṣẹ́ tó gbámúṣé lórí rẹ̀ ní ọdún 1988. Ọ̀rọ̀ náà àti ayé awakọ̀ ni iṣẹ́ yẹn dá lé. Ọwọ́ tó di búrọ́ọ̀ṣì mú ṣì ń retí tirẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù fún wa

Irin lé pákó kúrò lójú ọ̀nà. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọkọ̀ onírin sì kún ibi gbogbo. Pákó bọ́lẹ̀kájà di igi ìdáná. Sáìn-ráítà sá sídìí pátákó onígbàjámọ̀ àti ti ilé oúnjẹ. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń tẹ flex dé, ó lé wọn kúrò níbẹ̀ náà. Ohun tí ọ̀gá fi ọjọ́ mẹ́ta yà, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ jáde kí oníbàárà tó jẹun tán. A kò bú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń wá owó pátákó kò ní kí iṣẹ́ ọnà má wà. Àmọ́ àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn ti ń dàgbà, àwọn míì ti lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín kò ju èyí lọ. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ wá pákó kan tó ṣẹ́kù ní àdúgbò yín, ìbáà jẹ́ ti onígbàjámọ̀, ìbáà jẹ́ ti vulcanizer. Ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ béèrè ẹni tó yà á, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìlú tó ti gba fíríìdọ̀mù, àti orúkọ tó ń pe búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà kọ̀ọ̀kan, nítorí èdè iṣẹ́ náà ń kú pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Bí bàbá ọ̀hún bá ti kú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ béèrè oríkì rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Olójú-ifun ti fi hàn wá pé àádọ́ta ọdún kò pa orúkọ rẹ́ bí ẹnì kan bá ṣì ń kì í. Ẹ mú ohun tí ẹ bá rí wá, a ó gbé e jáde níbí pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é lókè.