Omi Tútù Tó Ń Gbé Ẹja Wá Sí Etíkun Gínì

Lọ́dọọdún, láti oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án, omi òkun tó wà létíkun Ivory Coast, Gánà, Tógò àti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ máa ń tutù lọ́nà tó ya àlejò lẹ́nu. Ní ọ̀pọ̀ oṣù yòókù, ojú omi náà a máa gbóná tó ìwọ̀n 27 sí 29 Celsius, ṣùgbọ́n lásìkò yìí, ó máa ń wálẹ̀ kọjá 25. Àwọn apẹja Tema àti Sekondi kì í bẹ̀rù òtútù náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí omi bá ti tutù, ẹja ṣáwá ti dé nìyẹn.

Ajílẹ̀ wà nísàlẹ̀, oòrùn wà lókè

Pláńkítọ̀n ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó ń léfòó kiri inú omi, tí agbára wọn kò tó láti tako ìṣàn rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ irúgbìn tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn mìíràn jẹ́ ẹranko kéékèèké tó ń jẹ irúgbìn wọ̀nyí. Bí koríko ti rí fún màlúù nínú ọ̀dàn, bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn náà rí fún ẹja nínú òkun.

Gẹ́gẹ́ bí àgbàdo inú oko, irúgbìn omi nílò oòrùn, ó sì nílò ajílẹ̀. Ajílẹ̀ tirẹ̀ ni àwọn èròjà bíi náítíréètì, fọ́síféètì àti sílíkéètì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oòrùn kì í wọ ìsàlẹ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ajílẹ̀ ń lọ, nítorí ohunkóhun tó bá kú lójú omi yóò rì, yóò sì jẹrà níbẹ̀. Omi gbígbóná tó fúyẹ́ a sì máa léfòó lórí omi tútù tó wúwo, bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí omi nínú ìkòkò. Àfi kí nǹkan kan rò wọ́n pọ̀.

Bí omi ìsàlẹ̀ ṣe ń gòkè

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń ti ojú omi lọ sí ìlà-oòrùn, yíyí tí ayé ń yí sì ń mú kí omi náà ṣẹ́rí sí ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn síwájú òkun, kúrò létí ilẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ ni yóò gòkè wá dí àlàfo tó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yìí nìkan kò lágbára tó. Ìṣàn omi Gínì tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, àwọn orí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun bíi Cape Palmas àti Cape Three Points, àti ìgbì abẹ́ omi tó ń gba agbedeméjì ayé wá láti ìwọ̀-oòrùn, gbogbo wọn ló ń gbé omi tútù náà sókè. Irú rẹ̀ tó kéré ń wáyé nínú oṣù kìn-ín-ní àti ìkejì.

Nígbà tí omi ọlọ́ràá yìí bá kan oòrùn, irúgbìn omi yóò pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ẹranko kéékèèké yóò jẹ ẹ́, ṣáwá yóò sì wá jẹ àwọn náà, yóò yé ẹyin síbẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ òkun tó súnmọ́ etíkun kò jìn, nítorí náà ajílẹ̀ tó bá rì kì í jìnnà ju ibi tí ìgbì lè rú u sókè lọ.

Nàìjíríà ńkọ́?

Agbára omi tútù náà máa ń dínkù bó ṣe ń bọ̀ níhà ìlà-oòrùn. Ohun tí Badagry àti Èkó ń rí níbẹ̀ kò tó ti Gánà. Odò àti ọ̀sà ló ń gbé ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ wá sí etíkun wa lásìkò òjò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbin ìlú bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, irúgbìn omi yóò hù ní àhùjù, yóò kú, yóò jẹrà, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi yóò sì tán.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá pàápàá mọ ọwọ́ omi tútù yìí. Ó wà lára ohun tó ń fa ìdáwọ́dúró òjò nínú oṣù kẹjọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í rọrùn láti di òjò.

Ewu tó ń bẹ níwájú

Ní 1972, ṣáwá tí wọ́n pa ní Gánà àti Ivory Coast pọ̀ kọjá àlà. Lẹ́yìn náà, ẹja ọ̀hún di àwátì fún ọdún mélòó kan. Ó padà wá, ṣùgbọ́n ó tún ti wọ́n gan-an. Ní 2019, ìjọba Gánà pàṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré dáwọ́ ẹja pípa dúró fún oṣù kan. Ayé tó ń gbóná sí i tún ń mú kí ojú omi fúyẹ́ sí i, tí yóò fi ṣòro fún ajílẹ̀ láti gòkè. Òkun lè gbé oúnjẹ wá lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n bí a bá kó ẹja tó yẹ kó yé ẹyin tán, kò ní sí ẹni tí yóò jẹ oúnjẹ náà.