Ọwọ́ ni Ohùn Wà: Ìtàn Gìtá Onírin àti Ìṣòro Òkè Ọrùn Rẹ̀

Nínú àròkọ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ lórí orin jùjú, ó ní ẹ̀rọ ni ń mú ohùn gbọọrọ tí ń fà nínú orin King Sunny Adé jáde, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà yóò mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Mo fagi lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bi mí léèrè ohun tí ó tọ̀nà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju fífagi lé lọ. Ìdáhùn mi ni mo kọ síhìn-ín fún ẹ̀yin olùkọ́ àti fún àwọn tí ìdánwò ń bẹ níwájú wọn.

Gìtá onírin ni ohun èlò náà ń jẹ́, ní erékùṣù Hawaii ni ó sì ti ṣẹ̀. Àwọn àjèjì ni ó gbé gìtá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó sọ ọ́ di tiwọn. Joseph Kekuku ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó kọ́kọ́ sọ fífi irin yọ̀ lórí okùn di iṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1889, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n a tẹ́ gìtá sórí itan, irin a sì máa yọ̀ láti ohùn kan dé èkejì láìsí ìdádúró. Ìpàtẹ ńlá ti San Francisco ní 1915 mú kí òkìkí orin Hawaii kàn káàkiri Amẹ́ríkà. Ní 1932, gìtá onírin tí ń lo iná mànàmáná dé ọjà.

Lẹ́yìn náà ni pẹ́dà dé. A ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ti ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò sì fa okùn le tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́, tí ohùn yóò fi yí padà nígbà tí irin kò kúrò lójú kan. Nínú orin Webb Pierce tí a ń pè ní "Slowly", tí ó gbajúmọ̀ ní 1954, Bud Isaacs tẹ pẹ́dà nígbà tí okùn ṣì ń dún. Láti ìgbà náà ni àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ti ń wá pẹ́dà kiri.

Bí a bá dá ìtàn náà dúró síbí, a ó rò pé ẹ̀rọ ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo òkè ọrùn gìtá, ìyẹn apá ibi tí ó súnmọ́ afárá, tí ohùn ti ga jù lọ. Okùn gìtá oní-pẹ́dà a máa gùn tó ínṣì 24. Bí irin bá wà lórí ìlà kejìlá, ìdajì okùn ni ó ń dún. Bí ó bá dé ìlà kẹrìnlélógún, ínṣì 6 péré ni ó kù. Àlàfo tí ó ṣáájú ìlà kìn-ín-ní fẹ̀ ju ínṣì kan àti ìdámẹ́ta lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣáájú ìlà kẹrìnlélógún kò ju bí ìdámẹ́ta ínṣì lọ. Àṣìṣe ọwọ́ tí etí kò ní fura sí nísàlẹ̀ yóò di ariwo lókè.

Ìlà tí a kùn sábẹ́ okùn kò lè gba olórin là, nítorí pé ojú lè tan ni jẹ. Etí ni adájọ́. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n irin kí ohùn lè rọ̀, ìgbọ̀n náà gbọ́dọ̀ kéré sí i bí a ti ń gòkè. Okùn kúkúrú kì í pẹ́ dákẹ́, nítorí náà olórin kì í ṣí pẹ́dà ohùn tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ohùn ti ń kú lọ ni yóò máa ṣí i. Bí ó bá ta okùn lẹ́bàá afárá, ohùn yóò mú ṣọnṣọ. Bí ó bá súnmọ́ àárín apá tí ń dún, ohùn yóò kún. Apá okùn tí ó wà lẹ́yìn irin sì ti wá gùn ju èyí tí ń dún lọ. Bí kò bá fi ìka bò ó, yóò máa kùn.

Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí pẹ́dà lè ṣe fún un. Ẹ̀rí wa ni Jerry Byrd, tí a bí ní 1920. Àwọn olórin gbà fún un nítorí adùn ohùn rẹ̀, síbẹ̀ gìtá tí kò ní pẹ́dà ni ó fẹ́ràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó kó lọ sí Hawaii, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní iṣẹ́ tí àwọn baba wọn dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní 2005. Èyí kò sọ pé pẹ́dà kò wúlò. Buddy Emmons fi pẹ́dà ṣe ohun tí ọwọ́ nìkan kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n pẹ́dà kò lè sọ ibi tí a ó gbé irin lé fún ọwọ́.

Èyí ni ó mú wa padà sílé. Démọ́lá Adépọ̀jù ni ó ta gìtá oní-pẹ́dà nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, tí a gbọ́ nínú àwo Juju Music ní 1982. Ní 1986, Paul Simon lo ọwọ́ rẹ̀ nínú Graceland. Ohun èlò tí ó ti Amẹ́ríkà wá sọ́dọ̀ wa tún padà sí Amẹ́ríkà láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwa tí ìyàtọ̀ ohùn díẹ̀ ń sọ igbá di igba lẹ́nu wa, àwa tí a ń gbọ́ bí onídùndún ti ń fún ọsán kí ohùn ìlù lè gòkè, mọ̀ pé ibi tí ohùn bá ga sí ni ìtumọ̀ wà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ̀wé lórí jùjú kò gbọdọ̀ gbé oríyìn ọwọ́ fún ẹ̀rọ. Kí ó dárúkọ ohun èlò náà, kí ó dárúkọ ẹni tí ó ta á, kí ó sì rántí pé àtọwọ́ àtetí ni ohùn òkè ti ń dùn.